Bí ìjọba ṣe fi òfin de Ògúndé nítorí Yorùbá Ronú

Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé. Wọn ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi tí àṣẹ ìjọba náà bá dé. Ohun tó fà á kò ju eré kan ṣoṣo lọ, ìyẹn Yorùbá Ronú. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1966 ni wọ́n tó tú òfin náà, nígbà tí ológun ti gbàjọba, tí olórí ìjọba tó fi òfin dè wọ́n sì ti kú. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira, kò tíì sí ẹgbẹ́ òṣèré kankan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí.

Gbólóhùn náà, Yorùbá Ronú, ti di ti gbogbo ayé báyìí. Bí ìbò bá ti ń kanlẹ̀kùn, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu tọ̀tún tòsì, kódà lẹ́nu àwọn olóṣèlú tí eré náà ì bá bá wí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ ọkùnrin kan àti gbogbo agboolé rẹ̀ ni wọ́n fi dí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ro ẹjọ́ náà bó ṣe jẹ́.

Ògúndé kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ nígbà náà. Ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni, ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ilé babaláwo ni ìyá rẹ̀ sì ti wá, nítorí náà etí ọmọ náà ti mọ dùùrù, ó sì ti mọ ẹsẹ Ifá kó tó dàgbà. Ó ṣe tíṣà, ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì gbé e kiri títí wọ́n fi gbé e wá sí Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe eré tí àwọn á fi kó owó kọ́ ilé ìjọsìn. Ó gbé eré Ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, eré náà sì gbayì débi pé ní 1945 ó kọ̀wé fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tíátà nìkan ló ń jẹ. Kò sí ẹni tó ti dán irú rẹ̀ wò nínú wa.

Ojú rẹ̀ sì ti rí màbo lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ṣe eré tó pè ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos, ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n sì gbé e dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, ènìyàn 21 kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ògúndé ti fi ṣe eré, Bread and Bullet, àwọn aláṣẹ Kánò sì ní kò gbọdọ̀ ṣe é níbẹ̀. Ẹ rántí pé ọlọ́pàá ni òun fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ bí àṣẹ ṣe ń ti òkè wá, ó mọ ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé nípa ẹni tí wọ́n bá ń ṣọ́. Kò sí bí a ṣe lè sọ pé kò mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn ní 1964.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ìgbà náà kò ṣeé fò dá. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ló jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ ṣe olórí alátakò nílé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, Akíntọ́lá ló gba ipò olórí ìjọba ní Ìbàdàn. Àárín wọn dàrú, ó sì hàn gbangba ní ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní Jos ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962. Lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n ń sọ àga lura wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá sì ń yin tajútajú. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Majẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso títí ọdún náà fi parí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Àwọn ọmọ ìyá kan náà kò kí ara wọn mọ́. Ẹni tó bá ń ta ọjà fún ẹgbẹ́ kejì di ọ̀tá.

Àárín ìjà yìí ni wọ́n ti wá Ògúndé wá. Àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá dá ẹgbẹ́ tuntun kan sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, kó lè dojú kọ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tó jẹ́ ti Awólọ́wọ̀. Wọ́n ní kí Ògúndé ṣe eré kan fún ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ náà, eré tí yóò pe Yorùbá jọ. Yorùbá Ronú ni eré tó ṣe náà.

Ẹni tí kò wo tíátà alárìnkiri rí lè máa rò pé ìtàn inú eré nìkan ló bí wọn nínú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú eré Ògúndé, orin ìṣíde ló ń ṣáájú. Wọ́n á fa aṣọ ìkélé, ọ̀gá á dúró níwájú, àwọn òṣèré obìnrin á tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kan náà, wọ́n á máa jó, wọ́n á máa gberin. Ojú àwọn òǹwòran ni wọ́n ń kọ sí. Níbi orin yẹn, òṣèré kò tíì di ẹlòmíràn, Ògúndé ṣì ni Ògúndé, ohun tó bá sì ti ẹnu rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọba tàbí ti ìjòyè inú ìtàn. Orin ìṣíde Yorùbá Ronú jẹ́ ìbáwí àti ẹkún pọ̀. Ó ka ipò tí Yorùbá wà tẹ́lẹ̀, ó ka ibi tí wọ́n bára wọn dé, ó fi ìlara àti ìfẹ́ owó gún àwọn tó fà á, ó sì ní kí wọ́n lọ ronú.

Ìtàn wá tẹ̀ lé e. Ọba kan ń jọba, igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ó lọ bá àwọn ará ìta mulẹ̀, wọ́n sì ju ọba sẹ́wọ̀n. Ọ̀dàlẹ̀ gba ìlú, ṣùgbọ́n ìlú kò tòrò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyà ń jẹ ará ìlú títí wọ́n fi dìde. Kò sí orúkọ olóṣèlú kankan nínú rẹ̀, kò sí orúkọ ẹgbẹ́, kò sí ọ̀pẹ, kò sí àkùkọ tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ òṣèlú. Àmọ́ ní ọdún tí olórí ẹgbẹ́ kan wà lẹ́wọ̀n, tí igbákejì rẹ̀ sì wà lórí àga pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn tó ń ṣàkóso l'Ékòó, ta ni wọ́n ń sọ ìtàn náà fún tí kò ní yé?

Akíntọ́lá dìde níbi tó jókòó sí, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jáde.

Mo ti ronú sí ìjáde yẹn púpọ̀. Nínú gbogbo olóṣèlú ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè Yorùbá jù ú lọ. Akọ̀ròyìn ni kó tó di lọ́yà, àfiwé àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì ń sọ fún ara wọn títí dòní. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sáàárín ọjà ni, ó sì mọ ẹni tó bà. Olórí ìjọba tí etí rẹ̀ di sí òwe ì bá jókòó wò ó parí, kó pàtẹ́wọ́, kó sì lọ sílé. Akíntọ́lá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òfin jáde. Kì í ṣe eré náà nìkan ni wọ́n dí. Ẹgbẹ́ náà gan-an ni wọ́n sọ di èyí tí òfin kò fọwọ́ sí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Eré mìíràn tí Ògúndé ní, kódà èyí tí kò ní òṣèlú nínú, wọn kò gbọdọ̀ ṣe é. Àwọn òyìnbó a máa dá eré kan dúró ní ìlú kan, wọ́n a sì gba owó ìtanràn. Ìjọba tí àwa fúnra wa dìbò yàn ló wá ti gbogbo ilé iṣẹ́ ọkùnrin kan pa lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni mi ò lè gbójú fò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tí òfin náà dé, nítorí ibẹ̀ ni ìyà rẹ̀ wà. Wọ́n ti yọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò ní 1963, nítorí náà ohun tó kù fún Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá látòkè délẹ̀: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Òṣogbo, Iléṣà, Oǹdó, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, Ọ̀wọ̀. Òsósà tí wọ́n bí i sí wà nínú rẹ̀. Èkó bọ́ kúrò níbẹ̀, nítorí pé lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n Èkó ìgbà náà kò tó Èkó òde òní. Muṣin, Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry, Ìbàdàn ló ń ṣàkóso gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé Ògúndé lè ṣeré ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta lálẹ́ òní láìsí ẹni tó máa bi í, àmọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ bá gba Yábàá kọjá tó wọ Muṣin, tó sì ta aṣọ ìkélé, ó ti rúfin. Ìlọrin àti Ọ̀fà ṣí sílẹ̀ fún un, torí pé Àríwá ni wọ́n wà. Ó lè kọrin fún Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kánò àti Jos, ìlú tí wọ́n ti dá a dúró láyé òyìnbó. Ará ilé rẹ̀ gan-an, ará Ìjẹ̀bú, ni kò lè kọrin fún.

Bí ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri ṣe ń jẹun, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn á wọ̀lú láàárọ̀, gbohùngbohùn á wà lórí rẹ̀, wọ́n á yí ìlú ká, wọ́n á máa lu ìlù, wọ́n á máa kéde eré alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á ka owó tó wọlé, wọ́n á yọ owó gbọ̀ngàn, owó epo ọkọ̀ àti owó òṣìṣẹ́, ilẹ̀ á mọ́, ó di ìlú mìíràn. Kò sí ìjọba tó ń fún wọn lówó, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń gbé wọn dìde. Owó ilẹ̀ Yorùbá sì ní àsìkò tirẹ̀. Láti bí oṣù Kẹwàá títí kan ọdún tuntun, tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ta kòkó, ni ará ìlú ń náwó sí eré, sí aṣọ àti sí àríyá. Òfin náà gba àsìkò kòkó 1964 mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì tún gba ti 1965. Ẹni tó bá ń ṣe irú òwò yìí ló máa mọ ohun tí àsìkò méjì léra léra jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun nìkan ló ń jẹ ìyà náà. Nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣèré obìnrin ń fi í sílẹ̀, nítorí ọkọ àti nítorí orúkọ burúkú tí ayé ń pe obìnrin tó bá ń jó lórí ìtàgé. Ògúndé wá fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹgbẹ́ àti ìdílé di ọ̀kan náà. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí oníkálùkù lè rò nípa ètò yẹn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó yé ni pé nígbà tí ìjọba ti ìtàgé Ògúndé pa, ìyàwó, ọmọ àti ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn kò sì lè gbà á sílẹ̀, ìjọba kan náà ló ni wọ́n. Ohun tó kù fún un ni àwo orin. Orin Yorùbá Ronú ti wà lórí àwo, àwo kò sì nílò ìwé àṣẹ kó tó wọ Ìbàdàn. Ilé tí ẹ̀rọ gíráàmù bá wà, ohùn Ògúndé wà níbẹ̀. Èyí ni àwọn aláṣẹ kò ronú kàn nígbà tí wọ́n ń kọ òfin wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù àti gbọ̀ngàn ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ Ògúndé ti ń ṣe àwo jáde tipẹ́, orin eré rẹ̀ sì ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu láìjẹ́ pé wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn.

Ó tún kọ eré mìíràn láti dá wọn lóhùn. Òtítọ́ Korò ló pè é. Kò tọrọ àforíjì, kò sì ránṣẹ́ pé òun ti gbọ́n. Nígbà tí wọ́n ní kó dákẹ́, ó fún ìdákẹ́ náà ní orúkọ, ó sì gbé e sórí ìtàgé níbi tí ọwọ́ wọn kò tó.

Àwọn kan máa ń sọ pé Ògúndé ló jẹ̀bi, pé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò yẹ kó fi iṣẹ́ náà bú u níwájú àlejò. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, a kì í sì í kọ́ ọmọ Yorùbá pé kó dójú ti agbàlejò rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Eré tó máa pe Yorùbá sí ìṣọ̀kan ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní 1964, tí kò ní mẹ́nu ba ohun tó tú Yorùbá ká? Ì bá ṣe é ní ti ẹ̀fẹ̀, kó kí olórí ìjọba ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, kó gba owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rántí rẹ̀ lónìí. Bí Akíntọ́lá bá sì rò pé irọ́ ni, ó ní ìwé ìròyìn, ó ní rédíò, ó sì ní ahọ́n tó dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó lè fèsì. Òfin ló lò dípò èsì, níbẹ̀ ni mo sì ti dá a lẹ́bi.

Ìgbà tí òfin náà wà lójú iṣẹ́ ni Ìwọ̀-Oòrùn gbóná jù. Ìbò ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965 kún fún màgòmágó, àwọn ènìyàn sì kọ̀ ọ́. Wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń da bẹntiróò sílé onílé, wọ́n ń da á sára ènìyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Ohun tó wà nínú eré náà, pé ìlú kò ní tòrò mọ́ ẹni tó gbà á lọ́nà ẹ̀bùrú lọ́wọ́, ó wá ń ṣẹlẹ̀ ní òpópónà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ gbàjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá nílé rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ikú yẹn kò yẹ ẹ́. Kò yẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi Lt-Col. Adékúnlé Fájuyì ṣe gómìnà, kò sì tó oṣù kan tí òfin Ògúndé fi kúrò.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ fọ́n ká náà kò fọ́n ká. Ní 1967, àwọn ni Nàìjíríà rán lọ sí Expo, ìpàtẹ ńlá àgbáyé, ní Montreal ní Kánádà. Ẹ̀rù òṣèlú kò sì ba Ògúndé lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed ní 1976, ó fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe eré lọ́dún náà gan-an. Lẹ́yìn náà ló yí sí fíìmù: Àiyé ní 1979, Jáíyésinmi ní 1980, Àròpin N'tènìyàn ní 1982 àti Àyànmọ́ ní 1988. Nínú méjì àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ máa ń ní ó sá fún òṣèlú wọ inú ọ̀rọ̀ àjẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo àwọn fíìmù náà á rí i pé ìlú tí àwọn alágbára inú rẹ̀ ń pa á run ni ó ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àrà tó fi dá a ló yàtọ̀. Ètò òwò rẹ̀ náà kò yí padà: fíìmù tirẹ̀, owó tirẹ̀, òun ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú bó ṣe ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀, láìfi sọ́wọ́ ẹni tó lè tì í pa.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ ní kó wá bá àwọn dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè sílẹ̀, kó ṣa oníjó, onílù àti akọrin jọ láti gbogbo ìpínlẹ̀. Ó gbà. Ó tún ráyè kópa nínú fíìmù Mister Johnson tí Bruce Beresford wá yà ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú nílé ìwòsàn kan ní London, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990.